Ọjọ́ Tí Wọ́n Wo Ojú Òpó

“Ó ti ń yí o!” Fọlárìn kígbe láti ìdí ọwọ́ ìtukọ̀ tó fi ń darí ẹ̀rọ ìwòràwọ̀ wọn lókè ọ̀run. “Awòdì ti kẹ̀yìn sí oòrùn, ó ti gba ọ̀nà Agbọ̀n. Ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n, kó tètè lọ o. Tó bá ti dúró síbẹ̀, mo máa ti ìlẹ̀kùn!”

Ìbídùn fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ti gbẹ mọ́ eyín. Láti àárọ̀ ló ti wà lórí ìdúró. Nínú gbọ̀ngàn Ilé Awòdì, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń jókòó. Ẹni tó bá ti rí nǹkan tuntun lójú ọ̀run, tí ayé sì ti gbà á lẹ́nu rẹ̀, òun nìkan ni wọ́n ń gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn àga. Fọlárìn tó ń tukọ̀ ní àpótí kékeré tirẹ̀. Àwọn yòókù, ìdúró ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ọdún karùn-ún rèé tí Ìbídùn ti ń dúró, gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́bàá ògiri, àga tuntun kan wà tí wọn kò tíì tú ọ̀rá ara rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, kò sí orúkọ kankan níbẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń gbìyànjú láti má wo ọ̀nà ibẹ̀.

“Mo ní kí ni wọ́n ń pè ní Agbọ̀n?” obìnrin àgbà tó wà láàárín gbọ̀ngàn tún béèrè. “O kàn dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀.”

“Ẹ má bínú, Mà. Eérú ìràwọ̀ ni.”

“Ìràwọ̀ náà ń jóná bí igi ìdáná?”

Màmá Ọláìtán ni orúkọ obìnrin náà. Òun ni orúkọ rẹ̀ jáde nínú ìbò Olùbéèrè fún oṣù yìí. Àwárí kankan kò gbọdọ̀ kúrò ní Ilé Awòdì àfi tí ará ìlú kan tí kì í ṣe onímọ̀ ìràwọ̀ bá kọ́kọ́ jókòó sórí àga onítìmùtìmù tó wà láàárín gbọ̀ngàn, tó bi wọ́n ní gbogbo ohun tó wù ú, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, “Ó yé mi.” Bí kò bá sọ ọ́, àwárí náà kú síbẹ̀. Rẹfirí bọ́ọ̀lù ni Màmá Ọláìtán nígbà tí orúnkún rẹ̀ ṣì gbà fún un, kò sì sí pápá kan ní gbogbo Òkè-Ògún tí kò tíì fọn fèrè lórí rẹ̀. Fèrè náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kó bọ́ ọ, ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò gba káàdì pupa.

“Kì í jóná bí igi, Mà,” Ìbídùn wí. “Ìràwọ̀ ńlá, tó bá ti lo ohun tó ń mú un tàn tán, àárín rẹ̀ á wó lulẹ̀, ìyókù á bú gbàmù. Gbogbo ara rẹ̀ á fọ́n ká. Ohun tó fọ́n ká yẹn la ń pè ní eérú. Ṣùgbọ́n kì í tutù bọ̀rọ̀. Ó ń sáré, ó ń kọlu ohunkóhun tó bá pàdé, ó sì ń gbóná débi pé ẹ́síréè ló ń tàn jáde lára rẹ̀.”

“Ẹ́síréè? Èyí tí wọ́n fi wo orúnkún mi?”

“Òun gan-an, Mà.”

“Kí ló wá dé tí kì í jó wa?”

“Afẹ́fẹ́ tó bo ayé ń dí i. Kò lè kọjá. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé ojú wa lọ sókè pátápátá, kọjá ibi tí afẹ́fẹ́ mọ. Awòdì ni ojú náà.”

Ìbídùn fọwọ́ kan ògiri, àwòrán sì bò ó láti òkè délẹ̀. Ó dà bí agbọ̀n tí ẹnì kan fi òwú iná hun, tó sì dà á dojú dé. Àwọ̀ ewé wà níbì kan, àwọ̀ pupa wà níbòmíràn, etí rẹ̀ yí ká bí okùn aláwọ̀ aró tó tín-ín-rín.

“Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun kan tó wà nínú eérú náà ni,” ó wí, ohùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yára bó ṣe máa ń yára nígbàkigbà tó bá dúró níwájú àwòrán yìí. “Ẹ wo ibi tó pupa yìí. Irin ni. Irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, Mà, inú irú eérú báyìí ló ti wá, kí ayé yìí tó wà rárá.”

Màmá Ọláìtán yí ọwọ́ rẹ̀ padà, ó wo iṣan tó wà níbẹ̀, ó sì tún wo ògiri.

“Hẹn,” ó wí. “Máa bá a lọ.”

Ìbídùn gbé àwòrán kejì jáde. Agbọ̀n náà ni, bó ṣe rí lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n yà á kẹ́yìn kí Ìbídùn tó yà á. Ọmọdé gan-an lè rí ìyàtọ̀ náà. Ti àtijọ́ mọ́lẹ̀ ju ti Ìbídùn lọ. Wọ́n ti fún Ìbídùn ní ìwò kan, ẹ̀ẹ̀kan tó lè yí Awòdì síbi tó wù ú, lọ́dún tó kọjá, òun ló fi rí i. Ìwò kejì rèé, òun ló sì kẹ́yìn. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba ẹ̀kẹta. Awòdì yóò tún wo Agbọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i láti jẹ́rìí sí i, Olùbéèrè yóò sọ pé ó yé òun, wọn yóò sì tú ọ̀rá ara àga tuntun yẹn.

“Ìyá wa, ẹ ṣé tí ẹ ń fara balẹ̀ gbọ́,” Ọ̀gá Látòsà dá sí i láti orí àga tirẹ̀, èyí tó wà níwájú gbogbo àga. Òun ni olórí Ilé Awòdì, ọkùnrin gígùn tó máa ń fi ìka méjì na irùngbọ̀n rẹ̀ tí inú rẹ̀ bá dùn. “Ohun tí ọmọ yìí rí, ẹ̀rí tó lágbára jù lọ ni. Àwọn eérú ń kú, wọ́n sì ń kú kíákíá ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Ikú Eérú ni a pè é. Àwọn ọmọ iléèwé ń kọ́ ọ báyìí.”

“Ọmọ ọmọ mi ń kà á sí mi létí,” Màmá Ọláìtán wí. “Ẹ̀yin lẹ rò ó?”

“Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, Mà. Àwọn méje tí wọ́n ní àga níbí, eérú tó ń kú ló gbé wọn dé orí rẹ̀.”

“Ẹ kú iṣẹ́.” Ó yíjú sí Ìbídùn. “Apá ibo lára Agbọ̀n ló ń ṣú?”

“Gbogbo rẹ̀ ni, Mà. Àwọn tó ṣáájú mi, apá kan péré ni wọ́n máa ń wò lára eérú wọn. Èmi ni mo kọ́kọ́ wo odindi. Ọ̀tún, òsì, etí, àárín, gbogbo rẹ̀ ló dín kù, déédéé.”

Bó ti sọ “déédéé” tán, ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì létí òun alára. Ó ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà. Ó rò pé ẹwà iṣẹ́ òun ni.

“Báwo ni Agbọ̀n ṣe fẹ̀ tó?” Màmá béèrè.

“Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ á rìn ju ogún ọdún lọ kó tó ti etí kan dé èkejì.”

“Ṣé nǹkan kan wà tó ń sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ?”

“Kò sí, Mà.”

“Ta ló wá lọ sọ fún apá òsì pé apá ọ̀tún ti ń dín iná kù?” Màmá Ọláìtán na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún síwájú. “Tí gbogbo agbábọ́ọ̀lù orí pápá bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò ní pe dókítà. Ilẹ̀ ni màá kọ́kọ́ wò.”

Fọlárìn fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá Látòsà dẹ́kun nínà irùngbọ̀n rẹ̀.

Ìbídùn yíjú sí ògiri. Nǹkan kan ti ń sáré nínú orí rẹ̀, ó sì mọ irú nǹkan tó jẹ́. Òun náà ló máa ń sáré nígbà tó wà ní kékeré, tí bàbá rẹ̀ bá da àwọn ègé igi tí wọ́n ń tò pọ̀ di àwòrán sílẹ̀ fún un, tí ègé kan bá ṣàdédé wọ ibi tí kò rò. Gbogbo Agbọ̀n kò lè dín kù lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, Agbọ̀n kò dín kù. Ojú tó ń wò ó ló ní láti jẹ́.

“Amúdọ́gba,” ó pe ẹ̀rọ tó ń tún gbogbo àwòrán Awòdì ṣe kí ènìyàn tó rí wọn. “Báwo ni ojú Awòdì? Ṣé ó ń ṣú?”

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ohùn ẹ̀rọ náà dáhùn láti òkè àjà, jẹ́jẹ́ bí ti ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa. “Ojú Awòdì kò ṣú rárá. Láti ọdún mẹ́sàn-án wá, ṣe ló ń ríran sí i lọ́dọọdún. Mo sì ń dín ìmọ́lẹ̀ gbogbo àwòrán kù, kí wọ́n lè bá ti àtijọ́ dọ́gba.”

Màmá Ọláìtán bú sẹ́rìn-ín títí fèrè fi ń fò láyà rẹ̀. “Ó ń dàgbà, ojú rẹ̀ ń mọ́ sí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba àdírẹ́sì dókítà rẹ̀!”

Fọlárìn náà ti ń rẹ́rìn-ín. Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo irun ọrùn rẹ̀ ló ti dìde.

“Amúdọ́gba, báwo lo ṣe mọ̀ pé ó ń ríran sí i?”

“Òpó ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Bí mo bá rí i pé ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara Òpó wá pọ̀ sí i, mo mọ̀ pé ojú Awòdì ló mọ́ sí i. Òpó kì í yí padà.”

Ẹ̀rín tán nínú gbọ̀ngàn.

Kò sẹ́ni tí kò mọ Òpó. Eérú ìràwọ̀ ni òun náà, kékeré, tó mọ́lẹ̀ kọjá ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú kókó kan tó ń pòòyì láàárín rẹ̀. Àwòrán ojú rẹ̀ wà láyà gbogbo wọn: báàjì aró kan tí wọ́n tẹ òrùka kan sí, kókó láàárín rẹ̀, àti ìlà iná kan ṣoṣo tó yọ lókè, tó gún bí abẹ́rẹ́. Ibi tí báàjì yẹn bá wà, òótọ́ wà níbẹ̀. Fọ́tò tí kò bá ní in, ilé ẹjọ́ kò ní wò ó. Ẹ̀rọ ẹ́síréè ilé ìwòsàn tí kò bá ní in, wọn kò ní tàn án sí aláìsàn lára.

Màmá Ọláìtán ti fi ọwọ́ bo báàjì tirẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí, o kò tíì dáyé nígbà Irọ́,” ó wí, kò sì sí àwàdà kankan lóhùn rẹ̀ mọ́. “Ẹ̀rọ ṣe ayédèrú fídíò ojú mi níbi tí mo ti ń gba rìbá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan lọ́jọ́ àṣekágbá. Ojú mi ni. Ohùn mi ni. Ọkọ mi gan-an bi mí pé kí ló dé. Nígbà yẹn ni wọ́n ní kí wọ́n wá nǹkan kan tí ọwọ́ èèyàn kankan láyé kò lè tó, kí wọ́n fi ṣe ìwọ̀n ohun gbogbo. Òpó ni wọ́n mú. Wọ́n fi wọn fídíò náà, irọ́ rẹ̀ hàn; Òpó ló gbà mí.” Ó mí kanlẹ̀. “O wá ń sọ fún mi pé Òpó ń mì?”

“Mi ò tíì sọ ọ́, Mà,” Ìbídùn wí. Ṣùgbọ́n ó ti ń sọ ọ́ nínú, ó ń sọ ọ́ lọ kíákíá: tó bá jẹ́ pé Òpó ló ń mọ́lẹ̀ sí i, Amúdọ́gba á rò pé ojú ló mọ́ sí i, á sì máa bu ìmọ́lẹ̀ gbogbo ìràwọ̀ yòókù kù. Gbogbo eérú ojú ọ̀run á dà bí èyí tó ń kú. Gbogbo wọn. Déédéé.

“Ọ̀gá,” Fọlárìn pè, “ẹ má bínú o. Ọ̀nà tí Awòdì ń gbà lọ sí Agbọ̀n, ẹ̀gbẹ́ Òpó ló máa gbà kọjá. Ó ti ń sún mọ́ ọn. Mo kàn ní kí n sọ.”

Ọ̀gá Látòsà dìde. Ó fa Ìbídùn lápá lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Lẹ́yìn gíláàsì náà, oòrùn ọ̀sán ń jó lórí àwọn àpáta Ìgbẹ́tì, ọkọ̀ okùn ń gbé àwọn èèyàn láti orí àpáta kan sí òmíràn, wọ́n ń jẹ gúgúrú, wọn kò mọ nǹkan kan.

“Gbọ́ mi,” ó wí, ohùn rẹ̀ kò le. “Ìyá yìí ò ní pẹ́ sọ pé ó yé òun. Bí o bá dáhùn ìbéèrè méjì sí i dáadáa, àga yẹn di tìẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá ná ìwò rẹ sórí Òpó, tí o kò sì rí nǹkan kan, kò sí ẹ̀kẹta. O máa kó ẹrù rẹ. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i.”

“Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nǹkan kan kò dọ́gba, sà.”

“Mo mọ̀ pé mo ti fi gbogbo ìgbésí ayé mi kọ́ Ikú Eérú.” Ó wo ilẹ̀. “Ta ni yóò sì gba báàjì kankan gbọ́ lọ́la, bí a bá ní Òpó kì í dúró?”

Ìyá Ìbídùn ti bi í lórí fóònù láàárọ̀ yìí pé irú àwọ̀ wo ni àga náà. Pupa rẹ́súrẹ́sú ni, Mọ́mì. Ó dára gan-an. Ó wo àga náà báyìí tààrà. Ó wuni. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù. Kó kàn sọ fún obìnrin yẹn pé àwọn ẹ̀rọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ta ló máa já a nírọ́?

Ó padà sí iwájú àga onítìmùtìmù.

“Mà,” ó wí, “ṣé ohun tí mo ṣàlàyé yé yín?”

Màmá Ọláìtán gbé fèrè sí ìka, ó ń yí i. “Ọjọ́ kan ní Ṣakí, aago ọwọ́ mi dákẹ́ láàárín eré. Ìlàjì kejì kò tán, kò tán, títí àwọn ọmọ náà fi ń pe ìyá wọn. Ogójì èèyàn ń pariwo sí mi, èmi náà ń na aago sí wọn lójú. Kò sẹ́ni tó ń wo aago rẹfirí, àbí? Aago rẹfirí ni àkókò.” Ó gbójú sókè. “Má bi mí bóyá ó yé mi. Ṣé ó yé ìwọ?”

“Kò yé mi,” Ìbídùn wí.

Bó ti sọ ọ́ tán, ayọ̀ kan gbá a láyà tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Kò yé e! Ọdún márùn-ún ló ti ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ pé nǹkan yé òun, kò sì sí ìkankan nínú rẹ̀ tó dùn tó èyí.

“Fọlárìn! Dá a dúró lórí Òpó!”

“Háà! Orí Òpó?”

“Má fi í ka ìmọ́lẹ̀ lásán bó ṣe ń kà á láràárọ̀. Ya ojú rẹ̀. Ìwò mi ni, mo ná an!”

“Dúró!” Ọ̀gá Látòsà na ọwọ́. “Òfin kò gbà á. A kì í wo Òpó.”

Fèrè dún. Ó dún tó bẹ́ẹ̀ tí Fọlárìn fi tẹ nǹkan tí kò yẹ kó tẹ̀, tó sì tún yára tú u.

“Òfin wo?” Màmá Ọláìtán béèrè. “Ọ̀gá, mo ti di rẹfirí kí wọ́n tó bí yín sínú iṣẹ́ yìí. Ẹ ka òfin náà sí mi létí.”

Gbogbo wọn rí i bí Ọ̀gá Látòsà ṣe ń wá a kiri nínú orí ara rẹ̀, òfin tó ti ń bẹ̀rù láti ìgbà tó ti di ọ̀dọ́kùnrin, tí kò sì sí níbì kankan. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Wọ́n ti fi Òpó wọn ohun gbogbo débi pé kò wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni láti wò ó.

“Bí kò bá sí,” Màmá wí, “èmi Olùbéèrè fẹ́ mọ̀. Wakọ̀ rẹ lọ, ọmọkùnrin.”

Fọlárìn fi ọwọ́ méjèèjì yí ọwọ́ ìtukọ̀. Ibi tó jìnnà sí ibẹ̀, lókè gbogbo afẹ́fẹ́, Awòdì dẹ́kun, ó gbọ̀n díẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹjú mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ báàjì àkọ́kọ́.

Ògiri ṣókùnkùn.

Ìmọ́lẹ̀ ẹ́síréè kì í dà wá bí omi odò. Ó máa ń kán ni. Ẹ̀kán kan bọ́, àmì kékeré kan tàn lórí ògiri, ó dún “tó” bí òjò lórí páànù. Òmíràn bọ́ lápá òsì. Òmíràn. Méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni òjò náà dé, tó-tó-tó-tó, ó ń rọ̀, ó ń ya wọlé, Màmá Ọláìtán sì ti di apá àga rẹ̀ mú bí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè.

Kókó náà ló kọ́kọ́ yọ, funfun balau. Òrùka ká a mọ́. Ìlà iná yọ lókè.

“Òun náà nìyẹn,” Fọlárìn sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Bó ṣe wà láyà wa gẹ́lẹ́.”

Ọkàn Ìbídùn wó. Bó ṣe wà láyà wọn gẹ́lẹ́. Ó ti ná an. Ó ti tán.

“Dúró ná,” Màmá Ọláìtán wí. Ó ti já báàjì rẹ̀, ó na án síwájú ojú kan, ó di ojú kejì. “Dúró ná o. Kí ni ìyẹn nísàlẹ̀?”

Ìbídùn sáré lọ sí ìdí ògiri. Nísàlẹ̀ òrùka náà, níbi tí báàjì ti ṣófo, ẹ̀kán ń já lu ẹ̀kán. Ọ̀bẹ iná kan ń yọ níbẹ̀, ó nípọn, ó tẹ̀ kọrọdọ bí ojú dòjé, ó sì mọ́lẹ̀ ju òrùka fúnra rẹ̀ lọ. Ó wo òkè. Ìlà iná tó gún bí abẹ́rẹ́ láyà gbogbo ènìyàn kò gún mọ́. Ó ti tẹ̀ sẹ́yìn bí ìrù ológbò tínú ń bí.

“Kò sí níbẹ̀!” ó kígbe. Ó ti ń fi ọwọ́ gbá ògiri. “Kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀! Tuntun ni! Kókó yẹn ló ń tu ú jáde, ó ń pòòyì, ó ń tu ú! Òpó kékeré ni, Mà, ó kéré, òun lè yí padà ní kíá. Agbọ̀n kò lè yí padà, Òpó lè yí padà! Òpó ló ń yí padà láti ọjọ́ yìí wá, a kàn ń bá àwọn ìràwọ̀ yòókù wí ni!”

“Òpó kò kú?” Fọlárìn béèrè.

“Òpó ń jó!”

“Ẹ jọ̀wọ́,” Amúdọ́gba wí, ohùn rẹ̀ kò sì balẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. “Mo rí ìyàtọ̀ lára Òpó. Ìyàtọ̀ kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Mi ò lè fi Òpó wọn Òpó. Kí ni kí n fi wọ̀n ọ́n?”

Ìbídùn yí padà. Ìdáhùn náà ti wà nínú ẹnu rẹ̀ kó tó mọ̀.

“Fi Agbọ̀n wọ̀n ọ́n.”

“Agbọ̀n kì í ṣe ìwọ̀n.”

“Agbọ̀n fẹ̀ débi pé kò lè yí padà lọ́dún mẹ́sàn-án kódà tó bá fẹ́. Fi í wọ̀n ọ́n. Kó gbogbo eérú tó fẹ̀ bíi tirẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Bí ọ̀kan bá mì, ìyókù á mú un.”

Lẹ́yìn náà, lápá kan ògiri, àwòrán Agbọ̀n méjèèjì tún tàn, ti àtijọ́ àti ti lọ́dún tó kọjá. Èyí tó ṣú náà mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó mọ́lẹ̀ sí i, títí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè mọ èwo ni èwo mọ́.

“Mo ti rí i,” Amúdọ́gba wí. “Agbọ̀n kò yí padà.”

Àwárí Ìbídùn nìyẹn, ó kú níwájú rẹ̀. Ti Ọ̀gá Látòsà kú mọ́ ọn. Gbogbo ojú yí sí ọkùnrin gígùn náà. Ó ń bọ̀ wá sí ìdí ògiri, ó ń rìn bí ẹni tó ń rìn nínú omi. Ó gbé ìka lé ọ̀bẹ iná tuntun náà.

“Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí?” ó béèrè. Ohùn ọmọ tó wọ ọdún kìn-ín-ní ni. “Kí ló lè mú kó tẹ̀ báyìí? Ṣé ó ń rìn?”

“Ọ̀gá, èmi ni Olùbéèrè,” Màmá Ọláìtán wí. “Ẹ lọ jókòó.”

Ọ̀gá Látòsà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ya òun alára lẹ́nu. Kò jókòó. Màmá ti gbé ara rẹ̀ dìde lórí orúnkún tí kò fẹ́, ó wo báàjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún wo ohun tó ń jó lójú ògiri.

“Báwo la ṣe máa mọ òótọ́ báyìí?” ó bi Ìbídùn, jẹ́jẹ́.

“Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ náà ni, Mà. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè tó o síbẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa ní ọ̀pọ̀ Òpó, a ó sì máa wo gbogbo wọn.”

Màmá Ọláìtán ronú. Ó gbé báàjì náà padà sí àyà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ.

“Ó yé mi,” ó wí.

Ọ̀gá Látòsà lọ sí ẹ̀bá ògiri. Ó fa ọ̀rá náà ya, ó dún ràà, ó gbé àga pupa rẹ́súrẹ́sú náà wá síwájú, ó sì gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn Ìbídùn.

“Jókòó,” ó wí.

Ìbídùn kò gbọ́. Lókè lọ́hùn-ún, níbi tí orí ìlà iná tó tẹ̀ náà parí sí, ẹ̀kán tuntun ti ń já bọ́, wọ́n ń kó jọ, ohun mìíràn ti fẹ́ yọ níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó o. Ó fa àga náà mọ́ra, ó fi bàtà rẹ̀ tó jẹ gùn ún, ó sì na ìka sókè.

“Ẹ wo ibí yìí!”